Ariwo Tó Fọ́ Bàbá Mi Lójú Lẹ́ẹ̀kejì

Òórùn gààrí tí àwọn ayálégbé wa máa ń yan lẹ́yìnkùlé ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ronú kan ilé wa ní Ìlobù, òórùn tó máa ń dà pọ̀ mọ́ eruku àti èéfín mọ́tò tó ń fẹ́ wọlé láti ojú títì. Etí títì tó lọ sí Ìfọ́n gan-an ni ilé náà wà. Bàbá mi ló kọ́ ọ nígbà tó ṣì ń ṣe tíṣà, kí ojú rẹ̀ tó lọ. O mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ilé onípáànù tó ní fàráńdà gbọọrọ níwájú, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ìjókòó mọ́ ara ògiri rẹ̀. Orí ìjókòó yẹn ni bàbá mi máa ń wà láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi yí, fìlà rẹ̀ á bo iwájú orí, ọ̀pá rẹ̀ á wà láàárín orúnkún méjèèjì.

Àìsàn ojú tó ṣe é kì í dun ni. Ńṣe ló ń jí ìmọ́lẹ̀ kó díẹ̀díẹ̀ bí eku ṣe ń jí àgbàdo kó, nígbà tí a ó sì fi fura, àká ti ṣófo. Ìyá mi ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà ní Èkó àti Ìbàdàn, èmi àbíkẹ́yìn ló kù sílé pẹ̀lú rẹ̀. Ayé ìjọba ológun ni. Mo ti parí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ṣùgbọ́n wọn kò gba olùkọ́ síṣẹ́, mo sì ń dúró de lẹ́tà tí kò dé.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé bàbá mi kì í ṣe afọ́jú tí ènìyàn ń ṣàánú nígbà náà. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo àdúgbò. Ìyá arúgbó tó ń wọ́ bàtà nílẹ̀, akọ̀wé tó máa ń wú ikọ́ gbígbẹ bó bá ti dé iwájú ilé wa, àwọn ọmọ iléèwé tí sálúbàtà wọn ń dún ṣàpàṣàpà. Kí wọ́n tó kí i ló ti máa ń kí wọn. “Ìyá, orúnkún yẹn ti fúyẹ́ díẹ̀ lónìí o.” “Akọ̀wé, ẹ kú ìrìn, ọkọ̀ Òṣogbo pẹ́ dé.” Ẹnu a sì máa ya àlejò tó bá jókòó tì í. Bó bá fẹ́ sọdá, yóò dúró létí ọ̀dà títì, yóò dẹ etí sí apá Ẹ̀rìn, ìlú tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, yóò dẹ etí sí apá Ìfọ́n, lẹ́yìn náà ni yóò fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì kọjá láìyára, láìfalẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń sọdá lọ. Aránṣọ ni ọ̀rẹ́ náà, Àlàájì ni gbogbo wa ń pè é, láti kékeré ni wọ́n sì ti jọ ń rìn. Bí Àlàájì bá ti kírun alásárì tán, wọn á gbé ọpọ́n ayò síwájú lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Bàbá mi ń fi ìka ka ọmọ ayò tó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n etí ló fi ń ka ti Àlàájì. Bí ọmọ ayò ṣe ń bọ́ sínú ihò, kó, kó, kó, bẹ́ẹ̀ ló ń mọ iye tó wọ ibi kọ̀ọ̀kan. Ó sì máa ń pa Àlàájì gan-an. Láti ilé wa ni mo ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì.

Ilé tó wà lápá ọ̀tún wa jẹ́ ti ìdílé kan tó ti Gánà dé nígbà tí wọ́n lé àwọn ènìyàn wa kúrò níbẹ̀. Ìyá ilé náà ń ta aṣọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ti dán iṣẹ́ bíi mẹ́ta wò, kò sí èyí tó gbè é. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró síwájú ilé wọn, wọ́n sì sọ sípíkà méjì kalẹ̀ tó ga jù mí lọ. Ó gbé wọn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó kọjú wọn sí títì, ó to kásẹ́ẹ̀tì sára ògiri láti òkè délẹ̀, ó sì di ẹni tí a ń pè ní Onírékọ́ọ̀dù. Mi ò ní parọ́ fún ọ, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo jó. Mo dúró sí fàráńdà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo jó, bàbá mi sì ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ tẹ̀lé orin.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tó ń jó mọ́ nílé wa. Aago méje àárọ̀ ni orin ń bẹ̀rẹ̀. Fèrèsé ń gbọ̀n, ìdérí ìkòkò ń gbọ̀n nínú ilé ìdáná, àyà ènìyàn pàápàá ń gbọ̀n. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Ìfọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ra kásẹ́ẹ̀tì. Wọn á ti èyí tí wọ́n rà bọ inú mọ́tò, wọn á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó dáa, a ó sì máa gbọ́ orin méjì tó ń bá ara wọn jà lórí wa. Ìgbà tí iná bá lọ nìkan la máa ń sinmi. Bí ọmọ ènìyàn kan bá wà tó ń fi tọkàntọkàn gbàdúrà kí iná lọ, èmi ni. Nígbà tó yá, Onírékọ́ọ̀dù ra jẹnẹrétọ̀.

Bàbá mi kò ṣàròyé. Ohun tí mo rí ni pé kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá arúgbó yóò wọ́ bàtà rẹ̀ kọjá, kò ní gbọ́. Akọ̀wé yóò wú ikọ́ rẹ̀, kò ní gbọ́. Àwọn kan ń sọ pé tíṣà ti ń gbéra ga. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó dúró létí ọ̀dà, ó dẹ etí síhìn-ín, ó dẹ etí sọ́hùn-ún, ó sì bọ́ sójú títì. Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ láti Ẹ̀rìn, orin inú rẹ̀ ń hó bí omi gbígbóná. Taya ló kígbe tí mo fi yíjú. Bọ́ọ̀sì náà dúró ní nǹkan bí gígùn apá kan sí bàbá mi. Awakọ̀ yọ orí síta, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?” Bàbá mi dúró láàárín títì, ó gbé ọ̀pá sókè díẹ̀, kò mọ apá ibi tí ohùn náà ti wá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń di ìdí ọ̀pá rẹ̀ mú tí mo sì ń fà á sọdá. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Á máa fà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń mú lọ sọ́jà.

Mo lọ bá Onírékọ́ọ̀dù. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín in kù. Etí ni bàbá fi ń ríran.”

Ó yára fà mí dìde. “Àbúrò, má kúnlẹ̀ fún mi. Bàbá yín ló kọ́ mi ní ìwé ní pírámárì. Ṣé mo lè fẹ́ ibi fún wọn? Ṣùgbọ́n bí mo bá dín in kù, ta ni yóò mọ̀ pé mo ṣí? Orin tí awakọ̀ bá gbọ́ ló máa ń rà.”

Ó dín in kù níṣojú mi. Kí n tó wẹ abọ́ ọ̀sán tán, ó ti gbé e padà sókè. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe. Mo lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní ọmọ òun kò jalè, òun kò sì ní bá a wí torí pé ó ríṣẹ́ ṣe. Mo lọ bá baálé àdúgbò. Bàbá náà gbọ́ mi títí, ó mí kanlẹ̀. “Ọmọ mi, ariwo lásán ni,” ló wí. “Ìlú tó bá dákẹ́, ìlú òkú ni. Ẹ máa fara dà á.” Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé bí mo ṣe ń padà sílé, mo ń rò ó pé bóyá òótọ́ ló sọ.

Ìrọ̀lẹ́ kan ni nǹkan bàjẹ́ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí. Èmi ni mo mú bàbá mi sọdá, mo sì dúró tì wọ́n, nítorí náà ohun tí mo fi ojú mi rí ni mò ń sọ. Wọ́n ń ta ayò, orin ń lu wá láti òdìkejì títì. Bàbá mi na ọwọ́ kan ihò kan, ìka rẹ̀ sì dúró síbẹ̀.

“Mẹ́ta ló yẹ kó wà níbí,” ló wí.

“Márùn-ún ni, ọ̀rẹ́ mi. Mo ti yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.”

“Mi ò gbọ́ nígbà tí o yí i ká.”

“Báwo lo ṣe fẹ́ gbọ́ nínú ariwo yìí?”

Ojú bàbá mi le. “Ìwọ náà wá ń fi ojú mi tó fọ́ rẹ́ mi jẹ.”

Àlàájì wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọmọ ayò padà sínú àpò wọn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ṣà wọ́n tán. Ó ní, “Mú bàbá rẹ lọ sílé, ọmọ mi.” Àlàájì kò rẹ́ ẹ jẹ o. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́. Mo sọ fún bàbá mi bí a ṣe délé, ó ní kí n má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, pé gbogbo wa ló ti rí i pé òun kò ríran.

Kò lọ síbẹ̀ mọ́. Ó ń jókòó sínú yàrá, ó sì ní kí n máa ti fèrèsé. Nígbà tí mo rí i pé kò jẹun dáadáa mọ́, mo mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó lọ́kọ sí Ìfọ́n. Mo rò pé ibẹ̀ yóò parọ́rọ́. Lóòótọ́ kò sí onírékọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ìtòsí ibi tí ọkọ̀ ń yà sí ni ilé wọn wà, kò sì sí ọkọ̀ tí orin rẹ̀ kì í hó. Ní Ìlobù, bí iná bá lọ, ó ṣì lè gbọ́ ẹsẹ̀ tó mọ̀. Ní Ìfọ́n, kò mọ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ń fi orí gbá òpó, ó ń fi ẹsẹ̀ kọ àga. Lákòókò yẹn náà ni ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì tún ń gbóná, àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ̀rù sì ń ba àbúrò rẹ̀ nítorí àwa ọmọ Ìlobù tó wà nílé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi.” Bàbá mi gbé e dìde. Ó yíjú síbi tó rò pé mo wà, ó ní, “Mú mi lọ sílé. Bí ariwo ni yóò pa mí, kó jẹ́ èyí tí mo mọ̀.”

Lẹ́yìn tí a padà ni mo lọ bẹ Àlàájì. Kò jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ tó rárá. Ó wọ agbádá, ó sọdá tìkára rẹ̀, ó jókòó ti bàbá mi ní fàráńdà, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá mi mọ ọwọ́ náà. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Mi ò rẹ́ ọ jẹ,” ni Àlàájì wí.

“Kí lo wí?”

“Mo ní mi ò rẹ́ ọ jẹ láéláé!”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” bàbá mi dáhùn, ó ń mi orí. “Ó ti pẹ́ tí òjò ti rọ̀.”

Àlàájì ti darúgbó, kò lágbára àtikígbe. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ikọ́ dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ Onírékọ́ọ̀dù, mo ní kó fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ó ṣe dáadáa, ó pa á lójú ẹsẹ̀. Àfi bí mo ṣe ń sáré bọ̀ tí mọ́tò kan dúró síwájú ilé wa, tó ṣí ilẹ̀kùn, tí orin inú rẹ̀ sì gba gbogbo ojú títì. Nígbà tí mo fi bẹ awakọ̀ náà tán, Àlàájì ti dìde. Ó fọwọ́ kan èjìká bàbá mi, ó sì rọra sọdá. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ọmọ rẹ̀ wá gbé e lọ sí Ẹ̀rìn nítorí àìlera, ibẹ̀ ló sì kú sí. Bàbá mi kò mọ ohun tó wá sọ fún un lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un, mo fẹnu mọ́ etí rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ àbí ó kàn ń mi orí nítorí tèmi.

Òun náà kú ní ọdún tó tẹ̀lé e. Onírékọ́ọ̀dù sunkún níbi ìsìnkú náà ju àwọn ẹbí wa kan lọ, ó sì gbé sípíkà rẹ̀ méjèèjì wá sí àgbàlá wa lọ́fẹ̀ẹ́ kí gbogbo èrò lè gbọ́ ìwàásù. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Ènìyàn rere ni. Bó bá jẹ́ ènìyàn búburú, ìbá rọrùn fún mi.

Mo ti gbé ní ìlú púpọ̀ láti ìgbà náà, kò sì sí èyí tí kò láriwo, mo sì ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé kí n má jẹ́ kó dùn mí, ariwo lásán ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Wọ́n rò pé oorun ni ariwo ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Èmi mọ̀ pé ènìyàn ló gbà lọ́wọ́ bàbá mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ìyá arúgbó, akọ̀wé, ọ̀rẹ́ tó ní láti kékeré, títí tó fi kan èmi. Ní oṣù tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, bí mo bá gbé oúnjẹ wọlé tí mo sì fọwọ́ kàn án, yóò ta gìrì, yóò bèèrè pé, “Ta nìyẹn?” Èmi ọmọ tó bí, inú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ni mo ti ń kígbe orúkọ mi fún un lójoojúmọ́, tí kò sì dá mi lójú pé ó gbọ́.