Ọjọ́ Tí Bàbá Sàlíù Bọ Ara Rẹ̀ Lọ́wọ́

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí nígbà náà, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú ọgbà wa ní Ajégúnlẹ̀.

Bùkọ́lá, àbígbẹ̀yìn mi, ń kàwé gba oyè kejì. Ó ní àwọn okùn tíntìntín tó wà nínú ara wa, tí wọ́n ń pè ní DNA, lè ṣe ìṣirò bíi kọ̀ǹpútà. Okùn kan á wá èyí tó bá a mu, wọ́n á so pọ̀, ìdáhùn á jáde. Kò ní yàrá ìwádìí, ló bá kọ ètò tó ń ṣe bíi tiwọn sórí kọ̀ǹpútà. Ètò ọ̀hún kò mú ìdáhùn kankan wá! Olùkọ́ rẹ̀ sì ti ní bí kò bá ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ Ajé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ mi ń sunkún.

Kí ni tíṣà máa ń ṣe bí ẹ̀kọ́ kò bá yé ọmọ? Á fi ènìyàn ṣàpẹẹrẹ ni!

Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń tò lọ sí èbúté Tin Can jókòó síwájú ilé wa láìríṣẹ́ ṣe. Mo kó wọn wọnú ọgbà kí wọ́n wá ṣe bí okùn, mo so aṣọ pupa mọ́ ọwọ́ ọ̀tún wọn, funfun mọ́ òsì. Mo ní pupa gbọ́dọ̀ di funfun mú, kí ẹnikẹ́ni má sì jáwọ́ àfi bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀.

"Màmá Tíṣà, kí ìyàwó mi má rí mi o!" ni ọ̀kan wí, bó ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

Ìlà gùn dáadáa, àfi Bàbá Sàlíù, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà, tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, tó bọ ara rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní kò dáa bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí pupa di funfun mú," ló fèsì. "Méjèèjì wà lọ́wọ́ mi. Ta ni mo tún ń wá kiri?"

Ṣé ẹ gbàgbọ́ pé Bùkọ́lá, tó ti ń wò wá, figbe ta, ó sá wọlé? Bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn okùn inú ètò rẹ̀ ń ṣe! Olúkúlùkù ń ká, ó ń di ara rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣófo fún ẹlòmíràn mọ́. Ó fi òfin kan kún un pé okùn kankan kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́, ìdáhùn jáde!

Àfi bí ìlà ọkọ̀ ṣe sún síwájú níta, tí fèrè ń dún. Ǹjẹ́ àwọn bàbá ọlọ́mọ yìí jáwọ́? Rárá! Wọ́n sáré lọ pẹ̀lú ọwọ́ nínú ọwọ́, wọ́n há sẹ́nu géètì, wọ́n ń kígbe pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ o!" Bàbá Sàlíù nìkan ló rí ọ̀nà kọjá, ó ṣì bọ ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́gbọ́n níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣe ohun tí ẹ sọ, tí kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn yín, ẹ má tètè bá a wí. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tún yẹ̀ wò. Ta ni Bàbá Sàlíù tiyín? Ẹ sọ fún wa.