Irun Ogójì Láti Ọrùn Díákónì

Arlys Kuhlman kì í béèrè orúkọ ènìyàn kó tó béèrè irú ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti ń pín lẹ́tà ní ilẹ̀ oníyanrìn wa yìí, ní Nẹbráskà, ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bi mí bóyá obìnrin tó máa ń tètè bínú ni ìyá mi. Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, kí n wọlé wá mu kọfí. Bó ṣe máa ń yan ẹṣin náà nìyẹn.

Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, mo ti sọ ọ́ báyìí, kí ẹ má baà bá mi wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ mi. Opó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, kò ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan. Ó ní igba màlúù, ṣùgbọ́n ẹṣin tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló gba ọkàn rẹ̀. Ìran abo ẹṣin kan ni, láti ìyá dé ọmọ, tí ìwà tútù wọn ń ya ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n á máa di gàárì mọ́ wọn lẹ́yìn, àwọn ẹṣin á máa sùn. Ọmọ ọwọ́ á rá gba abẹ́ ikùn wọn kọjá, wọn kò ní gbé ẹsẹ̀. Mo fojú ara mi rí i tí Arlys sá aṣọ tútù sórí Clover, ẹṣin náà sì dúró títí aṣọ fi gbẹ. Àléébù tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: bí màlúù bá sá, wọ́n á kọ́kọ́ rò ó wò.

Ní òdìkejì wáyà tó yí ilẹ̀ rẹ̀ ká ni Verlin Stroud ń gbé, ẹni tí òun àti Arlys jọ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò sì gbéyàwó rí. Ẹṣin tirẹ̀ yára bí iná inú ọyẹ́. Wọ́n ti mọ ohun tí màlúù fẹ́ ṣe kí màlúù fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, bí o bá ti gùn wọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí ara wọn tó balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, kì í ṣe méjì, kì í ṣe mẹ́rin. Bàbá wọn ṣe é, ìyá bàbá wọn ṣe é. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Verlin ní tirẹ̀ sì ti fi egungun ìhà mẹ́rin tó kán tọ́ ọmọ náà. Díákónì, akọ ẹṣin pupa rẹ̀, nìkan ló ní làákàyè díẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré lòun máa ń fò.

Arlys fẹ́ kí Díákónì gun Clover. Clover ti pé ọmọ ogún ọdún, òun nìkan ló sì kù nínú ìran náà. Bí kò bá bímọ ní ọdún yẹn, ẹṣin ìyá Arlys parí nìyẹn. Ohun tó kù kò ju kó ré wáyà kọjá, kó sì béèrè.

Kò lè béèrè. Clover ti ní ọmọ kan rí tí ń jẹ́ Wren. Nígbà tó pé ọdún méjì, ní ọdún mẹ́fà ṣáájú, wọ́n di gàárì mọ́ ọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n tú gàárì, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá a bọ́ bí èèpo iṣu sísè. Dókítà ẹran ní inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá: bàbá gbé ẹyọ kan, ìyá gbé ẹyọ kan, kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn, àmọ́ ọmọ tó bá kó méjèèjì, awọ rẹ̀ kò ní mọ́ ara. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ AS àti AS, ẹ ti lóye. Kò sí oògùn. Wọ́n ní láti pa Wren. Arlys sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó wá sọ fún gbogbo wa pé mànàmáná ló pa á.

Ní ìlú wa, bí o bá bi ọkùnrin bóyá ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ akọ ẹṣin rẹ̀ wò, ó dà bí ìgbà tí o lọ tọrọ ìyàwó tí o ń béèrè bóyá ẹ̀tẹ̀ wà nílé wọn. Ẹni tó bá sì béèrè ti ẹlòmíì, wọ́n á béèrè tirẹ̀. Ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta Arlys lẹ́sẹ̀.

Ló bá di olè.

Ní oṣù Karùn-ún, gbogbo wa pé sí ọ̀dọ̀ Verlin láti bá a fi irin gbígbóná sàmì sí àwọn ọmọ màlúù rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, a so ẹṣin mọ́ ọgbà, a jókòó ti ẹran, ẹ̀wà, àti ẹpọ̀n ọmọ màlúù díndín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé láàárọ̀. Arlys gbé páì síwájú Verlin. Nígbà tí Verlin jẹ ẹ́ tán tó fẹ́ dìde, Arlys tún gbé òmíràn síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ́ lọ sídìí Díákónì.

Irun ni ilé àyẹ̀wò fi ń mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, ṣùgbọ́n wọn kò gba èyí tí a gé. A gbọ́dọ̀ fà á tu tìdítìdí ni, ogójì. Bó ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin náà ń bojú wẹ̀yìn wò ó bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè láàárín ọjà.

"Kí lò ń wò?" Arlys bi mí.

"Mò ń wo ìyá àgbà tó ń tu irun ẹṣin ẹlẹ́ṣin."

"Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ẹ́, ìjọba ló sì fún ẹ ní ẹ̀yìn gbọọrọ yẹn. Dúró síbí, kó o dí wọn lójú."

Mo dúró. Ẹ̀rín ń pa mí débi pé kọfí ń dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Verlin rí i pé ọrùn Díákónì ti pá níbì kan. Ó ń sọ kiri pé màlúù ló jẹ irun náà. Ó tún lọ bá Arlys fún òróró ìpara, Arlys sì fún un ní ìgò méjì láì bojú wò ó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbé èsì dé. Arlys ní kí n bá òun ṣí i. Díákónì mọ́. Kò gbé ẹyọ kankan. Arlys dì mọ́ mi, ó dì mọ́ ajá, ó jó yí àmù omi màlúù po, bàtà rẹ̀ kan sì bọ́ sínú ẹrẹ̀, kò mọ̀. Bàtà kan ṣoṣo tó kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló fi wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Verlin. Mo bá a lọ. Lẹ́tà àwọn ènìyàn wà nínú ọkọ̀ mi. Wọ́n dúró dè mí.

Kó tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán ni Verlin ti gbà. Kò béèrè nǹkan kan. "Ẹṣin ìyá ẹ?" ló ní. "Ta ló ń wádìí ẹṣin ìyá ẹ?"

Ojú Arlys rẹ̀wẹ̀sì. Bó bá pa ẹnu mọ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀, èmi náà kò sì ní sọ. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà.

"Clover gbé àrùn awọ yẹn, ẹyọ kan," ó ní. "Mànàmáná kọ́ ló pa Wren. Èmi ni mo sì tu irun Díákónì, kì í ṣe màlúù."

Verlin wọlé lọ. Arlys ní ó ti parí, kí a máa lọ. Kí a tó dé ìdí ọkọ̀, Verlin ti jáde pẹ̀lú ìwé kan. Ilé àyẹ̀wò kan náà, èsì kan náà: Díákónì mọ́. Arlys rẹ́rìn-ín pé òun ti jalè lásán. Ìgbà náà ló wá rí ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà. Ó ti pé ọdún mẹ́fà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí wọ́n sin Wren.

Verlin ló fi katakata gbẹ́ ihò tí wọ́n sin ín sí.

"Afẹ́fẹ́ ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó o fi bò ó," ó ní. "Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan o máa fẹ́ ọmọ míì lára Clover. Mo ní kí n ti mọ ti Díákónì sílẹ̀."

"Látọdún mẹ́fà. Kí ló dé tó ò sọ?"

"O ò bi mí."

"Ìwọ náà lo ń sọ kiri pé màlúù ló jẹ irun."

"Màlúù kì í gbé páì fún èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, Arlys."

Arlys jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó sì tún di ẹ̀rín. Inú mi dùn débi pé ọjọ́ kejì ni mo tó rántí lẹ́tà àwọn ènìyàn.

Clover lóyún. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, ó bí abo. Ọmọ náà dìde, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sùn lórí ìdúró. Àwọn àgbà ní bí ọmọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Èyí jọ méjèèjì.

Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, a pé sí ọ̀dọ̀ Arlys láti sàmì sí màlúù tirẹ̀. Nídìí oúnjẹ, Harlan Yost, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, tó ti ń fi ọgọ́ta ọdún búra pé ẹṣin òun kò sín rí, na ṣíbí sí ọmọ ẹṣin náà. Ó ní ìran tí kò lábàwọ́n nìyẹn. Gbogbo ènìyàn mi orí pé òótọ́ ni.

Arlys gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde.

"Ó lábàwọ́n, Ọ̀gbẹ́ni Yost. Clover gbé àrùn awọ, àrùn yẹn ló pa Wren, mo sì ti ń parọ́ fún gbogbo yín látọdún méje. Èyí ò ní ṣàìsàn, torí bàbá rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó lè gbé ẹyọ kan. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́jọ́ iwájú, kó ti mọ̀."

Verlin ń jẹun lọ bí ẹni pé wọn kò sọ nǹkan kan. Harlan wo àwo rẹ̀. Ó wo àwọn ẹṣin tirẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọgbà, ó wò wọ́n pẹ́.

"Arlys," ó ní jẹ́jẹ́, "irun mélòó ni wọ́n ń fà?"