Ìyá Báńdéèjì àti Orúnkún Àkàbà

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni obìnrin yìí fi di ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin tó ga jù ú lọ fíìfíì. Òun ni olùtọ́jú ara fún ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù inú agbọ̀n, àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ ṣe, tí kì í ṣe eré ọwọ́dilẹ̀. Yàrá rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìṣeré, ó há débi pé bí àwọn òǹwòran bá ń sọ̀kalẹ̀, eruku á máa bọ́ sórí tábìlì tí àwọn ọmọ náà ń dùbúlẹ̀ sí. Tábìlì ọ̀hún kò gba èèyàn gíga. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn ló máa ń yọ síta, ó wá fi àpótí igi kan gbé e. Ẹ̀rọ yìnyín kan wà ní igun yàrá tó máa ń kùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ jẹ níyà. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ nígbà tó bí i, ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù ti sọ ọ́ di Ìyá Báńdéèjì, orúkọ yẹn sì ti gbé tàtijọ́ mì.

Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ríran. Bó bá di ọrùn ẹsẹ̀ mú, á mọ̀ pé èyí ti fò ju agbára rẹ̀ lọ lánàá, pé èyí kò sùn dáadáa, pé èyí ń parọ́ pé kò dun òun mọ́. Á ní, "Ẹnu ló mọ irọ́ pa. Ẹran ara ò mọ̀ ọ́n."

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti wá kó àwọn méjì tó mọ bọ́ọ̀lù jù lọ. Ẹni tó kù tí gbogbo ojú ń wò ni balógun wọn, ọkùnrin ọmọ ọdún márùndínlógójì tí wọ́n ń pè ní Àkàbà, torí pé ó ga bí ohun tí èèyàn lè gùn dé òrùlé. Ọdún kọkànlá rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ìyá Báńdéèjì ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, tí ẹ̀rù ń bà á, tó ń béèrè pé, "Màámi, ṣé wọ́n máa ń lé èèyàn lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

Ìgbà mẹ́rìnlélógún ni wọn yóò gbá bọ́ọ̀lù láàárín ọdún. Wọ́n fi ẹyọ àmì kan pàdánù èyí àkọ́kọ́: bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn yí etí agbọ̀n po lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ wọlé, ó sì jáde. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Wọ́n pàdánù èkejì, wọ́n ní rẹfirí ni. Wọ́n pàdánù ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún. Nígbà tó di ẹ̀kẹjọ, kò sẹ́ni tó tún wá àlàyé kankan.

Àwọn òǹwòran tó ń kọrin fún wọn tẹ́lẹ̀ wá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí bọ́ọ̀lù kò bá wọlé, ẹnìkan á ké láti òkè pé, "Ẹ bá wọn gbé agbọ̀n yẹn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ gbé e sínú ẹ̀!" Gbogbo gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó kan wà ní ìlà kejì tí kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Á kàn kọ ẹ̀yìn sí wọn, á máa wo ògiri títí eré á fi parí.

Màmá Ìyá Báńdéèjì, arúgbó ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin tí wọ́n jọ ń gbé, máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí rédíò. Níbẹ̀rẹ̀, àwàdà ló fi ń ṣe. "Ọmọ mi, àwọn èèyàn yín ga tó òpó iná, kí ló dé tí wọn ò rí agbọ̀n?" Ìyá Báńdéèjì á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán, àwàdà náà sì tán. Kó tó wọlé, màmá á ti pa rédíò, á kàn ní, "Pẹ̀lẹ́. Oúnjẹ wà."

Lẹ́yìn ìgbà kọkànlá tí wọ́n fìdí rẹmi, wọ́n bá lẹ́tà kan lára ilẹ̀kùn yàrá ìmúra. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ló kọ ọ́, kò sì gùn: bí ẹgbẹ́ bá parí ọdún ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọn yóò tú u ká. Kóòṣì, ẹni tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ó kúrò nídìí ilẹ̀kùn kó tó parí.  Wọ́n ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán nínú ilé ìwẹ̀.

Wọ́n pàdánù méje sí i lẹ́yìn ìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbà kejìdínlógún, Àkàbà dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá Ìyá Báńdéèjì mọ́ra wọn, ó jókòó sórí tábìlì, ó sì ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Orúnkún ọ̀tún ti wú, awọ rẹ̀ ń dán. Ìyá Báńdéèjì fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ egungun pẹlẹbẹ tó bo orúnkún. Omi tó wà nínú rẹ̀ sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún padà wá. Ó ní kó ká ẹsẹ̀ náà. Bó ṣe ń ká a, nǹkan kan ń ró nínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá fi eyín rún iyanrìn.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin."

"Ilé ìwòsàn lò ń lọ. Lónìí."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni kí n jọ̀ọ́ sí? Nǹkan ti ya níbẹ̀. Bó o bá tún ń fò lórí ẹ̀, èyí tí kò tíì ya á ya."

"Tí mo bá lọ, wọ́n á ní kí n jókòó. Tí mo bá jókòó, ó parí fún gbogbo wa nìyẹn. Ẹ wo ọjọ́ orí mi. Ẹgbẹ́ wo ló fẹ́ gbà mí? Kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe ju bọ́ọ̀lù lọ? Ẹ ṣáà bá mi dì í. Ẹ má sọ fún Kóòṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyàwó mi."

Ìyá Báńdéèjì mọ èsì tó yẹ kó fọ̀. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí lẹ́tà tó wà lára ilẹ̀kùn, ó rántí ọmọkùnrin mẹ́sàn-án tó kù, ó sì rántí ara rẹ̀ náà, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ níbòmíì láti ọdún mẹ́rìndínlógún.

"Ọ̀sẹ̀ kan péré," ó ní. Ó sì mú sísọ́ọ̀sì.

Ọ̀sẹ̀ kan di méjì. Lójoojúmọ́, Àkàbà á ṣáájú àwọn yòókù dé. Ìyá Báńdéèjì á fi yìnyín sí i títí awọ á fi kú, á wá fi báńdéèjì yí i po lókè, á yí i po nísàlẹ̀, á gbé e sọdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìdì náà dára, kò sẹ́ni tó lè dì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Wọ́n pàdánù ìkọkàndínlógún, wọ́n pàdánù èyí tó di ogún.

Ní ìkọkànlélógún, wọ́n borí. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, àmì kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn, Àkàbà sì dúró lókèèrè ju bọ́ọ̀lù náà, ó wọlé láìkan etí agbọ̀n rárá. Gbọ̀ngàn bú. Àwọn tí kò mọra rí ń dì mọ́ra. Bàbá arúgbó ìlà kejì ń sunkún bí ọmọdé. Kóòṣì sáré wá, ó gbé Ìyá Báńdéèjì nílẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ọwọ́ yín ni! Ọwọ́ yín ló ṣe é!" Ìyá Báńdéèjì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú, torí òun nìkan ló rí Àkàbà bó ṣe fọwọ́ ra ògiri kó tó lè dé yàrá ìmúra.

Ìborí yẹn gan-an ló dì í lẹ́nu. Ta ló fẹ́ wọ ilé tí wọ́n ti ń jó, kó ní kí wọ́n dá ìlù dúró? Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pàdánù.

Ó wá ku ẹyọ kan. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú wọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ burú tó wọn. Ìgbà kan làwọn náà borí lọ́dún yẹn, lára ẹgbẹ́ Àkàbà gan-an ni wọ́n sì ti rí i. Àwọn méjèèjì ni wọ́n máa pàdé. Ẹni tó bá pàdánù ló wà nísàlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àkàbà dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Orúnkún ti há. Kò ká tán, kò sì nà tán. Ìyá Báńdéèjì fi omi gbígbóná sí i, ó rọra fà á, òógùn bo balógun lójú. Ó ti gé báńdéèjì àkọ́kọ́ kó tó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Mi ò dì í."

Kóòṣì wọlé, àwọn agbábọ́ọ̀lù méjì mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀. "Kí ló ń dá yín dúró?"

"Kóòṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti há. Kò lè gbá bọ́ọ̀lù lónìí."

"Ẹ dì í."

"Mi ò dì í."

"Ṣebí ẹ ti ń dì í bọ̀ láti bí oṣù kan àbọ̀? Àbí ẹ rò pé mi ò lójú ni? Kí ló wá dé tó fi jẹ́ òní?"

Ìyá Báńdéèjì kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Kóòṣì mọ̀. Ó wò ó. "Òní ni mo rántí pé ẹsẹ̀ èèyàn ni."

Àkàbà bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. "Màámi, ẹ má pa mí. Ẹ dákun." Ó fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ òsì ká, ọ̀tún kọ̀. Ó rọ̀ síbẹ̀, àárín ìdúró àti ìkúnlẹ̀, ó di etí tábìlì mú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn kò jáde. Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù yíjú sí ògiri. Ìyá Báńdéèjì fọwọ́ kọ́ ọ lábẹ́ apá láti gbé e, ara ọkùnrin náà sì tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì jọ ṣubú sínú omi yìnyín tó ti ń yọ́ sílẹ̀.

Kóòṣì kọjú sí àwọn agbábọ́ọ̀lù. "Ẹ fún un ní aṣọ gbígbẹ," ó ní, ó sì jáde.

Ohun tó burú jù ni pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Títí dé ìdajì eré, àmì méjì ni wọ́n fi ṣáájú, àwọn òǹwòran ti dìde dúró. Àkàbà jókòó ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó ń pariwo sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há, kò sì wo Ìyá Báńdéèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn ìsinmi, ó rẹ àwọn tó wà lórí pápá, kò sì sẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀lù tó wọn tí wọ́n lè fi pààrọ̀ wọn. Àmì mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi pàdánù. Kóòṣì ti sọ fún àwọn oníròyìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé olùtọ́jú ni kò jẹ́ kí balógun gbá bọ́ọ̀lù. Bí obìnrin náà ṣe ń jáde, ẹnìkan ju ike omi lù ú léjìká. "Ìyá Báńdéèjì, ìwọ lo tú wa ká!"

Nílé, rédíò ti dákẹ́. Màmá ní, "Mo gbọ́ pé ìwọ ni. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Màmá. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ gbogbo ẹ̀." Ó jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Màmá gbé abọ́ oúnjẹ síwájú rẹ̀. "Ohun tó o ṣe lónìí dáa," ó ní. "O kàn pẹ́ kó o tó ṣe é ni."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n wà nílé ìwòsàn, Àkàbà lórí ibùsùn, ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyá Báńdéèjì lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà ní àwọn máa la orúnkún náà, yóò sì máa rìn, ṣùgbọ́n kó gbàgbé bọ́ọ̀lù. "Ká ní nígbà tó bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, lẹ wá ni, nǹkan kékeré là bá ṣe sí i."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?" Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ó ti ń dùn ẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?"

Àkàbà ń wo àjà. Kò sẹ́ni tó bi Ìyá Báńdéèjì ní nǹkan kan. Ì bá dákẹ́.

"Èmi mọ̀," ó ní. "Èmi ni mò ń bá a dì í."

Ìyàwó náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. "Ẹ̀yin, Màámi? Ẹ̀yin tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé bàbá wọn ní ìyá níbi iṣẹ́?" Ó gbé ọwọ́ sórí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bò ó kí obìnrin kejì má bàa rí i. "Ẹ dákun, ẹ máa lọ."

Kí oṣù tó parí, wọ́n tú ẹgbẹ́ ká. Kóòṣì lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù fọ́n ká, àwọn kan rí ẹgbẹ́, àwọn kan ò rí. Ìyá Báńdéèjì rí iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, níbi tí kò sí ẹni tó ń fò. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á kọ́kọ́ yà sílé Àkàbà láti bá a na ẹsẹ̀ tí wọ́n là. Ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyàwó kò ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà kẹrin, ó ṣí i, kò kí i, ó kàn yà fún un.

Ó ti ń lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì kí Àkàbà tó bá a sọ ohun tó ju "ó dùn mí" lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ìyá Báńdéèjì lọ́jọ́ náà.

"Ìyàwó mi ń bínú pé ẹ bá mi dì í."

"Mo mọ̀."

"Èmi ò bínú ìyẹn. Èmi ni mo bẹ̀ yín. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ kọ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Àmì méjì la fi ṣáájú, Màámi. Ká ní mo wà níbẹ̀..."

"Ká ní o wà níbẹ̀, bóyá o ò ní rìn mọ́."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ ọ́ fún yín ni."

  Nínú yàrá kejì, ìyàwó ń fọ abọ́, ó ń gbé wọn lura kíkankíkan. Ìyá Báńdéèjì fi àtẹ́lẹwọ́ kan sábẹ́ gìgísẹ̀, ó fi èkejì sórí àpá.

"Ká a," ó ní.

Àkàbà ká a. Ó dé ibi tó dé nígbà tó kọjá, kò kọjá ibẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i."