Ewé Abẹ́ Ògiri Ìyá Mi

Lásìkò tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ń lẹ àwòrán wọn mọ́ gbogbo ògiri ìta ní Niamey, ògiri kan ṣoṣo ni èmi ń ṣọ́, inú ọgbà ilé wa ló sì wà. Ògiri yàrá ìyá mi ni. Amọ̀ ni bàbá mi fi kọ́ ọ, lábẹ́ igi dóńgóyárò kan tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ là kọjá. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: sẹ̀ńtímítà mọ́kànlá.

Mo mọ ohun tó fà á. Àràárọ̀ ni ìyá mi ń gbálẹ̀ láti ìdí ògiri yẹn títí dé ẹnu ọ̀nà, yanrìn díẹ̀ a sì bá ìgbálẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta pákó ní ọjà Katako, ti bẹ̀ ẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó kọ̀. Ó ní yàrá tí ọkọ òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ni òun yóò kú sí. Nítorí náà, ògiri yẹn kò gbọdọ̀ wó.

Aṣọ ni mo ń rán. Nílé oníbàárà mi kan ní àdúgbò Koira Kano, mo rí ewé kan tó tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí koríko kò ti lè hù. Ilà funfun wà lórí rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ elésè-àlùkò. Bàbá àgbà tó ń tọ́jú ọgbà náà ní kì í kú bọ̀rọ̀. Ibi tí oríkèé rẹ̀ bá ti fara kan ilẹ̀ ló ti ń ta gbòǹgbò, kò sì ní jẹ́ kí ilẹ̀ ṣí. Ó gé e fún mi, ó kún ọ̀rá kan.

Mo gbìn ín sí ìdí ògiri, mo bẹ ìyá mi kó má fi ìgbálẹ̀ kan ibẹ̀.

"Wọ́n á ní obìnrin méjì wà nílé, igbó ń hù lójúde wọn. Bí ejò bá wọlé, ìwọ ni n ó ní kó kọ́kọ́ kí."

"Màmá, ilẹ̀ ni ẹ ń gbá lọ, kì í ṣe ìdọ̀tí."

"Ó dáa, tíṣà."

Alámùúlégbè wa obìnrin yọjú, ó ní mo ti di ànàsárà, òyìnbó tó ń gbin ewé tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìgbálẹ̀ rẹ̀ dúró níbi tí ewé ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ọyẹ́ dé, etí ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Mo ń bu omi sí i, garawa kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, láì pa ọjọ́ kan jẹ. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti bo ìpìlẹ̀ náà pátápátá. Kò sí ohun tí mo lè fi rúlà wọ̀n mọ́. Inú mi dùn. N kò ṣí ewé wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ògiri náà wó. Inú yàrá ló wó sí. Ìyá mi ń sùn. Èmi àti alámùúlégbè wa fi ọwọ́ kó amọ̀ kúrò lára rẹ̀; ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kán níbi méjì.

Nígbà tí wọ́n ti di ẹsẹ̀ náà tán, ẹ̀gbọ́n mi mú bíríkìlà kan wá. Ọkùnrin náà bu amọ̀ ìsàlẹ̀ ògiri, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó bi wá ní Hausa pé, "Òjò kò rọ̀. Ta ló ń da omi síbí?"

Mo la ẹnu. Ìyá mi yá jù mí lọ, lórí ẹní tó wà.

"Èmi ni. Omi ìwẹ̀ mi ni. Ó ń rẹ̀ mí láti gbé e lọ síta."

"Màmá! Ẹ̀yin náà!" Ẹ̀gbọ́n mi di orí mú. "Pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí yín, ẹ kò mọ̀ pé amọ̀ àti omi kì í bára gbé?" Ó bá a wí bí ọmọdé, lójú bíríkìlà, lójú alámùúlégbè tó mọ ẹni tó ni garawa. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tó. N kò sọ ọ́.

Wọ́n gbé ìyá mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ó lo ọdún kan àti oṣù méjì níbẹ̀ kó tó kú. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ kí i. Bí ó bá na ọwọ́ sí kọ́ọ̀pù omi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi á yára gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín: "Màmá olómi, ṣé ilé tiwa náà lẹ fẹ́ wó ni?" Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi á jókòó síbẹ̀, màá máa gbọ́ ọ.