Ìyá tí kò ní ọmọ ní iléèwé

Lónìí, mo lọ dúró lẹ́nu géètì iléèwé tí ọmọ mi kì í lọ.

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ilé ni mo ti ń kọ́ Àmínà níwèé. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Ṣakí, mi ò tíì ní ọ̀rẹ́ kankan, ẹnu géètì yẹn sì ni àwọn ìyá ti ń dúró sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ẹ káàsán o. Ìyá ta ni ká pè yín?"

"Ìyá Àmínà."

"Kíláàsì wo ló wà?"

"Ilé ni mo ti ń kọ́ ọ."

Ó wo ọmọ mi tó dúró tì mí látòkè délẹ̀. "Háà, kí ló ń ṣe é?" Ó sì fa ọmọ tirẹ̀ mọ́ra.

Nígbà tá à ń lọ sílé, Àmínà bi mí pé, "Màámi, ṣé ọ̀rẹ́ yín nìyẹn?"

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?