Igi Irú Tí Mìkáílù Gé

Ogójì ọdún ni Badirat fi ṣe irú ní Òkè-Ọ̀pin. Igi irú mẹ́sàn-án tó wà lóko ọkọ rẹ̀ ló fi tọ́ ọmọ lẹ́yìn tí ọkọ náà kú. Òórùn irú kò kúrò lára aṣọ rẹ̀ rí, kò sì fi í tijú.

Nígbà tí gáàsì ìdáná wọ́n ju agbára àwọn ará ìlú ńlá lọ, àwọn oníṣòwò èédú gbé ọkọ̀ ńlá dé. Ìgbẹ́ ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Nígbà tó tán, wọ́n kọjú sí igi oko. Ọ̀dá ti ba iṣu Mìkáílù, àkọ́bí Badirat, jẹ́ lọ́dún méjì léra wọn. Ló bá gba enjíìnì ìgégi lọ́wọ́ wọn.

Hassan, àbúrò ọkọ Badirat, jókòó sí Ìlọrin, ó fi fóònù ta igi irú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán náà fún àwọn oníṣòwò èédú. Òun ni olórí ẹbí, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ọ̀gá àwọn oníṣòwò náà sọ fún Mìkáílù pé, "Bí o ò bá lọ gé wọn, mo lẹ́ni tó máa lọ."

Ó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Badirat lọ wò bóyá èso ti ń gbó. Oòrùn ló bá níbi tí ibòòji máa ń wà. Mìkáílù jókòó lórí ìtì igi, ó dorí kodò.

"Ta ló gé wọn?"

"Èmi ni, Màámi. Ọmọ mẹ́rin ni mò ń bọ́."

"Ìwọ náà ńkọ́, kí ni mo fi bọ́ ọ?"

Badirat bẹ̀rẹ̀, ó ń já èso tútù lára àwọn ẹ̀ka tó wà nílẹ̀.

"Màámi, wọn ò tíì gbó."

"Mo mọ̀."

Ọjọ́ méjì ló fi sè é. Kò di irú. Ó dà á nù sẹ́yìnkùlé, ó fọ ìkòkò, ó dojú rẹ̀ dé. Kò ṣépè. Bí Mìkáílù bá kí i, á dáhùn. Bó bá gbé oúnjẹ wá, á ní òun ti yó.

Nígbà tí Iléyá dé, Hassan wálé.

"Ìyá Mìkáílù, ìyàwó mi ní kí n gba irú yín bọ̀ o. Ó ní ti Ìlọrin ò dùn tó o."

Mìkáílù tó ń bó ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ìyá rẹ̀ dìde, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

"Ó tó. Má sunkún níwájú àlejò."

Nígbà tí ọdún Iléyá kásẹ̀ nílẹ̀, Mìkáílù gbé enjíìnì lé ọ̀kadà. Ọ̀gá ń dúró dè é lóko ẹlòmíràn.