Iṣẹ́ Florence Kò Tíì Délé

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí, n kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àlùfáà ìjọ wa ti gbà mí níyànjú. Zacchaeus, ọmọkùnrin mi, ti bẹ̀ mí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọlọ́run kọ́ ló gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ìròyìn yìí náà, ìwé kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà dé, ẹnu Ọ̀kà ni mo sì fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ má bá mi tún un ṣe.

Florence ọmọ mi kú ní gáréèjì Ìkàrẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ti ń bọ̀. Ọkọ̀ já a sílẹ̀, ó jókòó lórí báàgì rẹ̀ pé kí òun sinmi díẹ̀ kí òun tó wọ mọ́tò Ọ̀kà. Kò dìde mọ́. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n ta ló mú ẹ̀jẹ̀ náà ru?

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Florence. Ó ti lé lógójì ọdún kí ó tó sọ pé òun fẹ́ lọ gba oyè másítà nínú ìtàn kíkọ. Gbogbo Òkè-Ọ̀kà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé irọ́ pípa náà ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì?" Èmi pàápàá bi í pé, ta ló kọ́ èmi tí mo ń pa àlọ́ fún yín? Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ń pa á fún àwa tí a wà lórí ẹní yín. Èmi fẹ́ pa á fún ẹni tí n kò ní rí láyé." Mo gbà fún un. Èmi kì í sì í gbà fún ènìyàn.

Tó bá wálé, ó máa ń ròyìn kíláàsì wọn fún mi. Wọn á jókòó yí tábìlì ká, wọn á gbé ìtàn ẹnìkan kalẹ̀, wọn á wá máa tu ú bí ẹni ń tu adìẹ. Èyí á ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gùn jù, tọ̀hún á ní òun kò gba ìyàwó inú rẹ̀ gbọ́. Ẹni tó ni ìtàn kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Òfin kíláàsì ni.

"Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ̀?"

"Kò gbọdọ̀, Màmá. Ó kàn máa gbọ́ ni."

"Kí wọ́n máa já ìyẹ́ ara rẹ, kí ìwọ máa wò wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, ẹ kò lè yege nínú kíláàsì wa."

Òótọ́ ló sọ.

Ìtàn tó kọ láti fi gba oyè náà, bàbá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọdẹ́yẹmí ọkọ mi ra kẹ̀kẹ́ tuntun ní Ìkàrẹ́ lọ́dún tí kòkó gbówó lórí. Òjò rọ̀. Ó wo ẹrẹ̀ ọ̀nà òkè wa, ó wo táyà kẹ̀kẹ́, ó ká ṣòkòtò sókè, ó gbé kẹ̀kẹ́ lérí, ó sì gun òkè délé. Títí ó fi kú ni wọ́n ń bi í pé, "Ọdẹ́yẹmí, ṣé ìwọ lò ń gun kẹ̀kẹ́ ni, àbí kẹ̀kẹ́ ló ń gùn ọ́?" Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn yẹn ní Ọ̀kà.

Àfi bí Florence ṣe kà á fún mi tí mo gbọ́ pé ọkùnrin náà ń fi ẹsẹ̀ òsì tiro. Mo fò dìde. "Ta ní ń tiro? Bàbá rẹ tó ń sáré gun àpáta?"

Ó ní, "Màmá, ìtàn ni. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dá ṣáṣá, ẹni tó ń kà á kò ní bẹ̀rù pé yóò ṣubú."

A jà lórí ẹsẹ̀ yẹn débi pé n kò bá a jẹun. Kò yọ ọ́. Olórí kunkun ni. Ọmọ mi ni. Èmi náà sì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi dòní: Ọdẹ́yẹmí kò tiro.

Dókítà Olúrántí ni ọ̀gá tí ilé ẹ̀kọ́ yàn láti ka iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀. Ọ̀gá ní ojú òun kò fẹ́ kọ̀ǹpútà, kí Florence tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Florence tẹ̀ ẹ́, ó gbé e lọ fún un. Láti ìgbà náà, tó bá lọ, wọn á ní ọ̀gá kò sí ní ọ́fíìsì. Tó bá tún lọ, ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ó tún lọ, ọ̀gá ti rìnrìn àjò lọ sọ̀rọ̀ níbì kan lórí bí a ṣe ń ran àwọn òǹkọ̀wé tuntun lọ́wọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Iná mànàmáná sun kọ̀ǹpútà ọmọ mi, ó wá ku èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá nìkan láyé. Lọ́jọ́ tó kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń bọ̀. Kò bá a.

Ta ló wá síbi ìsìnkú nínú wọn? Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ènìyàn bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ tó wọni lára, ẹ kò rí gbólóhùn kan ṣoṣo kọ sí ìyá òkú? Ha, wọ́n kọ ọ̀kan o. A ti sin ín tán nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Zacchaeus kà á sí mi létí: kí Florence yára wá forúkọ sílẹ̀ fún sáà tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò kà á sí ẹni tó pa ẹ̀kọ́ tì. Ẹ gbọ́ o. Òkú pa ẹ̀kọ́ tì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Limota tó ń ta òwú ní Ìkàrẹ́. Eré ń lọ lórí rédíò rẹ̀. Mo gbọ́ ọkùnrin kan tó gbé kẹ̀kẹ́ lérí gun òkè nínú ẹrẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ará Ọ̀kà kan ló lọ ròyìn wa. Wọ́n wá ní ọkùnrin náà ń fi ẹsẹ̀ òsì tiro.

Òwú bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ìyá Florence, kí ló dé?" Limota ní.

Mo dúró kí eré parí kí wọ́n lè dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n dárúkọ. Orúkọ tí n kò gbọ́ rí ni.

Mo ní kí Zacchaeus pe Dókítà Olúrántí, kí ó gbé fóònù sí mi létí. Mo ní mo gbọ́ ìtàn Florence lórí rédíò, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n sì pè.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá," ó ní. Ohùn rẹ̀ tutù minimini. "Ẹ má fi ṣèbínú. Ìtàn máa ń jọra. Ẹni tó kọ eré yẹn lè ti gbọ́ nípa bàbá tó ń tiro yẹn lẹ́nu àwọn ará Ọ̀kà."

"Ọkọ mi kò tiro rí."

"Ẹ ní?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dá ṣáṣá títí ó fi wọlẹ̀. Orí pépà Florence nìkan ló ti tiro. Ọwọ́ ta ni pépà yẹn wà?"

Ó wá ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

N kò pè é ní olè. Ìbéèrè ni mò ń bi. Olúrántí, ta lo fún? Ṣé o tà á ni, àbí o jù ú sórí tábìlì kí ẹni tó bá wù mú un? Bí ọ̀gá kò bá ka iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ta ní ń bi ọ̀gá? Ẹ̀yin olórí ilé ẹ̀kọ́, ẹ mọ bí ẹ ṣe ń wá òkú kàn lórí fóònù, ẹ kò wá mọ bí ẹ ṣe ń wá ìwé kàn nínú ọ́fíìsì tiyín?

Ní agbolé wa, a kì í ṣe ìdágbére ìkẹyìn tó ń tẹ̀lé ìsìnkú fún òkú tí irinṣẹ́ rẹ̀ bá ṣì wà níta. Ẹni tó yá ọkọ́ rẹ̀, ẹni tó yá ìkòkò rẹ̀, yóò gbé e wá sí ojú sàréè. Nígbà tí Ọdẹ́yẹmí kú, ará ìlú Etioro kan fẹsẹ̀ rìn wá dá àdá rẹ̀ padà. Èèkù rẹ̀ ti jẹrà. Ó gbé e wá bẹ́ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má bínú pé ó pẹ́. Àdá lásán nìyẹn.

Àwọn ẹbí ń bi mí ìgbà tí a ó ṣe ti Florence. N kò ní ṣe é. Irinṣẹ́ rẹ̀ wà níta.

Òfin kíláàsì yín ni pé ẹni tó ni ìtàn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Florence ti pa á mọ́, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n èmi kò sí nínú kíláàsì yín.

Oyè yín, ẹ máa gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí rédíò dárúkọ ọmọ mi. Kí ẹ sì dá ìwé rẹ̀ padà sí Òkè-Ọ̀kà, gbogbo ojú ewé rẹ̀, tòun ti ẹsẹ̀ òsì yẹn. Kí Olúrántí fúnra rẹ̀ gbé e wá, kí ó gbé e lérí gun òkè. Gbèsè òkú ni ẹ jẹ. Ẹ san án.